Kówọ́sápò, Ayàwòrán Tí Kì Í Ya Ọwọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Kówọ́sápò, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé orúkọ yẹn kì í ṣe oríkì. Àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, ìlara ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Àwọn ń ya ọwọ́ tí ìka rẹ̀ pé márùn-ún, tí èékánná jókòó sáyè rẹ̀, kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ wọn. Òun tí kò ya ẹyọ ìka kan ni àwọn èèyàn ńlá ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti ń fi ọ̀dà olóròóró ya èèyàn sórí kánfáàsì. Ó ti ya èèyàn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lọ́wọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọ́n lápá. Apá á sọ̀ kalẹ̀ láti èjìká, á dé ìgúnpá, á máa bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó gbọ́ràn, ìgbà tó bá sì ku díẹ̀ kó dé ọrùn ọwọ́, á yà bàrá sínú nǹkan. Adájọ́ tó yà, abẹ́ ìwé òfin ńlá ni ọwọ́ rẹ̀ wọ̀. Dókítà tó yà kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó jí nǹkan. Aṣọ́lé bọ́ọ̀lù wọ ìbọ̀wọ́ tó tó ìrọ̀rí. Atẹdùrù, ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú: ìyá wà, ọmú wà, ọmọ náà sì wà níwájú rẹ̀ lófuurufú, kò sí ohun tó gbé e dúró ju àánú Ọlọ́run lọ. Wọ́n gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn báńkì kan, àwọn èèyàn sì máa ń dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á tún gbàgbé ohun tí wọ́n wá ṣe ní báńkì.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò níyì rárá. Kówọ́sápò kò mọ ọwọ́ yà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú èèyàn, ẹ fún un ní wákàtí kan: á ya ojú tó ń ronú, á ya ojú tó ń purọ́, á ya ojú ẹni tó jẹun tán tí kò yó. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, èmi ò mọ ẹni tó tún mọ̀ ọ́n yà bíi tirẹ̀, mi ò sì ní fi ẹ̀tanú fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Àmọ́ tó bá dé ọwọ́, ìka á wú, á lọ́, àtàǹpàkò á hù níbi tí Ẹlẹ́dàá kò fi sí. Nílé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ṣẹ́, Ọjọ́rú ni olùkọ́ ń kọ́ wọn ní ọwọ́ yíyà, Ọjọ́rú náà sì ni ibà máa ń mú Kówọ́sápò. Ibà náà mọ kàlẹ́ńdà. Ọdún mẹ́ta ló fi ń mú un, kò ṣì ọjọ́ mú lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó ṣe ìpàtẹ àwòrán àkọ́kọ́, àyà rẹ̀ ń já pé ẹnì kan á bèèrè ibi tí àwọn ọwọ́ wà. Ẹnì kan sì bèèrè lóòótọ́. Ọ̀mọ̀wé kan ni, tó ń fi ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà jẹun, ọkùnrin tó máa ń di ojú méjèèjì kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ fẹ́ gba ojú sá lọ mọ́ lọ́wọ́. Ó dúró síwájú ògiri, ó dijú, ó ní, "Ìran tiwa yìí, wọ́n ti gba ọwọ́ wa. Ohun tí ọ̀dọ́kùnrin yìí ń sọ nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Kówọ́sápò wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mi orí bí ẹni tó gbà. Kò purọ́ o. Kò la ẹnu. Orí lásán ló mì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohùn ìran kan. Ọ̀mọ̀wé kọ ìwé olójú-ewé irínwó lórí àwọn ọwọ́ tí kò sí, wọ́n sì fi ìwé náà sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Báyìí ni àbùkù ṣe di sítáì. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì burú sí ni pé Kówọ́sápò fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Ó kà nínú ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ìrora ló mú kóun máa fi ọwọ́ pa mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ìrora náà. Bí akọ̀ròyìn bá bi í léèrè, á wo òkèèrè, á ní, "Àwọn nǹkan kan wà tó dára ká má fi hàn." Akọ̀ròyìn á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì fi ìlà sí i nídìí.

Gbogbo ayé ló gbà fún un, àfi ẹnì kan tí kò tíì bèèrè nǹkankan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, Àǹtí ló ń pè é. Bàbá wọn kú, ìyá wọn tẹ̀lé e, Kówọ́sápò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, Àǹtí jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Àǹtí wá iṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ló ń fọ̀, tó ń lọ̀, tó ń ká. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ àbúrò rẹ̀, òun ló fi rán an nílé ẹ̀kọ́, òun ló sì fi ra àpótí ọ̀dà àkọ́kọ́ fún un. Kò lọ́kọ. Ó ní àwọn tó wá máa ń wo ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun bí ẹni tó ń wo ẹrù tó kọjá ìwọ̀n.

Kówọ́sápò kì í ṣe aláìmoore o. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń lọ kí Àǹtí. Á jókòó sórí àga kan náà, á jẹun, á sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ fún wákàtí méjì, á sì dìde. Tí èyí kì í bá ṣe ìfẹ́, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìfẹ́.

Ọjọ́ Àìkú kan, ó ń sọ fún un nípa oyè tí yunifásítì kan fẹ́ fi dá a lọ́lá, ni Àǹtí bá gbé ife tíì kalẹ̀ sórí tábìlì. Tábìlì kò sí níbi tó gbé e sí. Ife bọ́ sílẹ̀, ó fọ́, àwọn méjèèjì sì ń wo ilẹ̀.

"Dókítà ojú ní ọ̀tún ti kú," Àǹtí wí, bí ẹni tó ń sọ pé ṣúgà ti tán. "Òsì náà ń ṣú bọ̀. Ó ní tó bá pẹ́ jù, oṣù márùn-ún. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ti ṣe é."

"Láti ìgbà wo, Àǹtí?"

"Láti ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ sọ fún ọ. O ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Kówọ́sápò kúnlẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín? Ohunkóhun. Ẹ ṣáà sọ ọ́."

"Yà mí. Ya àwòrán mi kí n rí i kí ojú tó ṣú. Àmọ́ ojú mi nìkan kọ́ o. Ojú mi, mo ti ń rí i nínú dígí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn ún wò. Ya ọwọ́ mi. Ọwọ́ yìí ni mo fi ṣe gbogbo ohun tí mo ṣe láyé. Mo fẹ́ rí i lórí ògiri, bíi ti èèyàn pàtàkì."

"Ó ti parí, Àǹtí," ni Kówọ́sápò wí. Ó sọ ọ́ kíákíá, bí a ṣe máa ń dáhùn ọ̀rọ̀ tí a kò tíì gbọ́ tán.

Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Fèrèsé ńlá kan ló wà níbẹ̀, àti igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kánfáàsì lé, àti pátákó tó ń po ọ̀dà lé, tí àwọn ọ̀dà àtijọ́ ti gbẹ sí lára bí èépá ojú egbò. Òórùn òróró àti ti táyà ti di òórùn kan ṣoṣo níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ya Àǹtí. Ojú náà jáde. Ó jáde débi pé Kówọ́sápò fúnra rẹ̀ kí i láàárọ̀ ọjọ́ tó parí rẹ̀. Àǹtí jókòó sórí àga, aṣọ ibùsùn funfun tí wọ́n ti ká wà lórí itan rẹ̀, apá méjèèjì sì ń bọ̀ wá síbi aṣọ náà, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó gbé e lọ sílé Àǹtí, ó fi ti ara ògiri, ó sì ń retí. Àǹtí sún mọ́ ọn, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti adìyẹ, ó fi ojú òsì wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ojú mi nìyí," ló wí. "Ó jọ mí ju èmi náà lọ. O ṣeun. Ọwọ́ ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ aṣọ, Àǹtí."

"Kí ló ń wá níbẹ̀?"

"Sítáì mi ni. Òun ni gbogbo ayé mọ̀ mí mọ́. Ó nítumọ̀."

"Túmọ̀ ẹ̀ fún mi."

Kówọ́sápò túmọ̀ rẹ̀. Ó mẹ́nu kan ìran, ó mẹ́nu kan ìtàn, ó mẹ́nu kan ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń sọ, ó tiẹ̀ di ojú díẹ̀ bíi ti Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àǹtí gbọ́ ọ tán láìjá ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, ìwà tó ti ń hù láti ọdún gbọọrọ.

"Ẹnikẹ́ni ò gba ọwọ́ tèmi," ló wá wí. "Mò ń lò ó. Gbé àwòrán yìí padà, kí o lọ bá mi yọ ọwọ́ mi síta."

Nígbà tó ń padà lọ, ó yà ní gálárì tó ń bá a ta iṣẹ́ rẹ̀, bóyá á rí ẹni tó máa sọ fún un pé Àǹtí ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọnà. Ìyáàfin tó ni gálárì náà kì í jókòó, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó wo àwòrán náà, ó gbọ́ ẹjọ́, ó ní:

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí ẹ bá ya ọwọ́ tó dára, wọ́n á bi wá pé kí ló dé tí ẹ ò fi ti ń yà á látọjọ́ yìí. Tí ẹ bá ya ọwọ́ tí ò dára, wọn ò ní bi wá ní nǹkankan mọ́. Wọ́n á ti mọ̀. Èwo nínú méjèèjì lẹ fẹ́ kí n bá yín tà?"

Ọ̀rọ̀ yìí gún un ju bí ìyáàfin náà ṣe rò lọ, nítorí obìnrin náà sọ ọ́ bí ẹni pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ náà dára, Kówọ́sápò sì mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Òwe ní tí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Kówọ́sápò ti jẹ ọdún méjì lérí i. Ó yẹ kó dúpẹ́.

Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dára nípa ọ̀dà olóròóró ni pé kì í tètè gbẹ. Ohun tí èèyàn bá bàjẹ́ láàárọ̀, ó ṣì tutù ní ìrọ̀lẹ́, a lè fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha á kúrò bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ àkọ́kọ́ tó yà jọ ata ilẹ̀. Ó ha á kúrò. Èkejì jọ ìbọ̀wọ́ tí ajá ti jẹ. Ó ha òun náà kúrò. Ẹ̀kẹta dára díẹ̀, inú rẹ̀ ti ń dùn, kó tó wá kà á pé ìka mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ó tún un kà. Mẹ́fà náà ni. Oṣù kan kọjá báyìí. Orí itan Àǹtí di ihò eléérú kan tí ọ̀bẹ ti ha títí, ojú rẹ̀ tó dára sì ń wo Kówọ́sápò láti òkè.

Àǹtí pè é lórí fóònù. "Ó ti yọ síta?"

"Ó ń bọ̀, Àǹtí."

"Sọ fún un kó yára. Lánàá mo wọ bàtà ẹlòmíì wálé láti ọ̀dọ̀ dókítà."

Ìgbà yẹn ló wá ṣe ohun tí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi oyè dá lọ́lá kì í ṣe. Ó gbọ́ pé nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, wọ́n máa ń kọ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní àwòrán yíyà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó dé fìlà, ó wọ awò dúdú, ó ní páìpù omi lòun ń tà tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni, kò sì sẹ́ni tó jiyàn pé ó ti fẹ̀yìn tì, èyí tó dùn ún díẹ̀. Èèyàn méje ni wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í ti fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ yìí mú pẹ́ńsù, ó ya ọwọ́ tó di sítíárì mú, èèyàn sì lè rí i pé bọ́ọ̀sì náà fẹ́ yà.

Ọ̀dọ́bìnrin ni olùkọ́ wọn, onísùúrù. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn èjìká Kówọ́sápò, ó wo ìwé rẹ̀.

"Bàbá, ojú tí ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn dáa gan-an o. Ẹ máa ń yàwòrán nílé?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"Ó hàn. Ọwọ́ ni ò tíì dá yín lóhùn. Ẹ máa wo ọwọ́ òsì yín, kẹ́ ẹ máa fi tọ̀tún yà á. Ọwọ́ tó sún mọ́ yín jù nìyẹn. Ẹ yà á ní igba ìgbà, kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ṣòro."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún dé, ó tún wò ó, ó sì káàánú rẹ̀. "Bàbá, ẹ má pa ara yín. Tó bá kọ̀, ẹ kó o sápò. Ayàwòrán ńlá kan wà tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lókìkí. Wọ́n ní ó nítumọ̀. Tèmi ni pé ọkùnrin yẹn ò mọ̀ ọ́n yà ni."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí pẹ́ńsù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kówọ́sápò náà fẹyín, nítorí ẹni tó ń ta páìpù kò ní ìdí kankan láti bínú. Irínwó ojú ewé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ṣe ohun tí ọmọdébìnrin yìí fi gbólóhùn kan parí.

Ìbínú náà ṣe é láǹfààní. Ó lọ sílé, ó gbé ọwọ́ òsì lé tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ó yà á ní dídì, ó yà á ní títẹ́, ó yà á nígbà tó ń jẹ búrẹ́dì. Ó gbé dígí síwájú, ó ya tọ̀tún náà. Ó kọjá igba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún, nígbà tó sì di ọjọ́ kan, ìka bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Oríkèé wà níbi tí oríkèé ń gbé. Àtàǹpàkò jáde láti ibi tó yẹ. Ọkùnrin yìí jókòó sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó sunkún ayọ̀, mi ò sì ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ayọ̀ gidi ni, ọdún méjìlélógún ló ti ń sá fún un. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ó fi ọ̀dà ya ọwọ́ méjèèjì sórí aṣọ funfun tó wà ní itan Àǹtí. Wọ́n tẹ́ síbẹ̀ kedere, ìmọ́lẹ̀ ń bà lé èékánná wọn. Kò dúró kí ọ̀dà gbẹ. Oṣù mẹ́rin ti lọ nínú márùn-ún tí dókítà sọ. Ó di ẹ̀yìn kánfáàsì mú, ó fẹsẹ̀ rìn gba àárín ìgboro lọ sílé Àǹtí, ó ń yẹra fún gbogbo èèyàn bí ẹni tó gbé ẹyin.

Àǹtí nílò àkókò báyìí kó tó rí nǹkan. Ó tẹrí ba mọ́ àwòrán náà, ó ń wò ó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́. Ó dé ibi ọwọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ yín ni, Àǹtí."

"Tèmi kọ́." Kò gbé ohùn sókè. "Ọwọ́ yìí ò fọ nǹkan kan rí. Wo bó ṣe ń dán. Wo ìka gígùn tó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ yìí, ti bàbá wa ni, èmi ò jogún ẹ̀, ìwọ lo jogún ẹ̀. Ọwọ́ ẹ lo yà lé mi nítan."

Kówọ́sápò wo àwòrán, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wo àwòrán. Òótọ́ ni. Ọ̀ọ́dúnrún ìgbà ló ti ya ọwọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ náà nìkan ló mọ̀, òun ló sì yà. Kò sí ọjọ́ kan nínú gbogbo oṣù mẹ́rin náà tó sọ fún Àǹtí pé kó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ kóun wò ó. Kò wá sí i lọ́kàn. Ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò. Gbogbo wa la rò pé inú ìka ọkùnrin yìí ni àìmọ̀ náà wà. Ojú rẹ̀ ló wà.

Ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ jáde nínú àpò. Ó ha ọwọ́ méjèèjì kúrò, àwọn ọwọ́ tó dára jù tó tíì yà láyé rẹ̀. Àǹtí ń gbọ́ bí ọ̀bẹ ṣe ń ha.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ gbé ọwọ́ sórí itan."

Ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn títí orúnkún wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ó sì wò ó. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ náà ti fẹ́lẹ́, ọṣẹ àti oògùn tó ń sọ aṣọ di funfun ti bó o níbi púpọ̀. Àpá kan wà lọ́rùn ọwọ́ òsì, ó ṣe ṣóńṣó bí imú áyọ́ọ̀nù. Oríkèé àtàǹpàkò méjèèjì wú. Ìka kẹrin ọwọ́ ọ̀tún ló ya Kówọ́sápò lẹ́nu jù: láti àárín ni ó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èékánná rẹ̀ sì kọjú síbòmíì, bí ẹni tó ń bá àwọn yòókù jà.

"Kí ló ṣe ìka yìí?"

"Ẹ̀rọ tó ń fún omi lára aṣọ ló mú un."

"Nígbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ tí o wọ ilé ẹ̀kọ́ àwòrán."

"Mi ò mọ̀ rárá, Àǹtí."

"O mọ̀. Báńdéèjì ni mo fi wé e wálé. Olùkọ́ yín ní kẹ́ ẹ lọ ya ará ilé yín wá, o ní kí n jókòó. O yà mí títí, báńdéèjì yẹn ń dà ọ́ láàmú, o ò mọ bó o ṣe máa ṣe é. O wá ní, 'Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ọwọ́ yẹn sẹ́yìn, ó ń ba àwòrán jẹ́.' Mo sì kó o sẹ́yìn."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń dá ẹjọ́. Ó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀. Ojú ti Kówọ́sápò débi pé kò lè gbé orí sókè. Irínwó ojú ewé ló wà láyé lórí ibi tí àwọn ọwọ́ náà lọ, kò sì sí ẹnì kan, títí kan ẹni tó lé wọn lọ, tó wá bi obìnrin yìí léèrè. Ó di ìka tó wọ́ náà mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sáré lọ gbé àpótí ọ̀dà rẹ̀ wá, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ìka náà ló sì kọ́kọ́ yà.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ìyẹn nìkan sì tó ìròyìn. Ó bi í léèrè àpá kọ̀ọ̀kan, Àǹtí sì ń sọ ọjọ́ tó dé síbẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá, lọ́sàn-án gangan, wọ́n gbé àwòrán náà sẹ́nu fèrèsé. Ojú òsì kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ mọ́. Àǹtí sún mọ́ ọn títí ọ̀dà tútù fi kan orí imú rẹ̀, ó ń wo ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìdí ìka kẹrin, ó dúró.

"Ó wọ́ dáadáa," ló wí. "Tèmi nìyí."

Ìyáàfin onígálárì wá wò ó, ó bèèrè bóyá wọ́n lè ya aṣọ kékeré kan bo àwọn ọwọ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ó ṣeni láàánú pé ó ti rẹ ayàwòrán ńlá náà, ó ti wá ń fi gbogbo nǹkan hàn. Yunifásítì sún ọjọ́ oyè síwájú, wọn ò sì sọ ìgbà tó máa jẹ́. Kówọ́sápò ṣì ń yàwòrán lórí ṣọ́ọ̀bù táyà. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń lọ́wọ́ báyìí; òmíràn nínú wọn dára, òmíràn ṣì jọ ata ilẹ̀.

Kí ọdún tó parí, ojú Àǹtí ṣú pátápátá. Àwòrán náà wà lórí ògiri níwájú àga rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá ti mu tíì tán, á fi ẹ̀yìn ti àga, á ní, "Ó yá, sọ ọwọ́ mi fún mi." Kówọ́sápò á bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ òsì, níbi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o, á máa bọ̀ ní oríkèé kan sí èkejì, títí á fi dé ìka kẹrin ọwọ́ ọ̀tún. Kì í gbé ojú sókè wo ògiri kó tó sọ ọ́.